Kòkòrò orí àpáta Nàìjíríà tó dé gbalasa òfurufú tí kò kú: Kí ló kan ará Aboabo níbẹ̀?

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ ní Aboabo, nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, òkùnkùn nìkan kọ́ ló ń ba àwọn èèyàn nínú jẹ́. Ẹni tó ń ta omi tútù mọ̀ pé ọjà òun kò ní yá mọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà rántí pé insulin òun wà nínú fíríìjì. Nọ́ọ̀sì tó ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn oògùn náà kò gbọdọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Aboabo wà lára àwọn àdúgbò Zongo ní Kumasi, níbi tí Hausa, Dagomba, Mossi, Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń gbé. Àwọn ará Ghana ti sọ ìṣòro iná yìí lórúkọ tipẹ́: dumsor, èyí tó túmọ̀ sí "pa á, tàn án" ní èdè Twi.

Ó lè ya èèyàn lẹ́nu pé ọ̀kan lára ibi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ fíríìjì yìí ni ara àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n gbé lọ sí gbalasa òfurufú, tí wọ́n sì padà wá láàyè. Ó tún lè yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe àjèjì rárá. Orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i.

Kí ló wà ní gbalasa òfurufú tó ń pa ẹ̀dá?

Nǹkan mẹ́ta ló mú kí ibẹ̀ léwu. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí afẹ́fẹ́. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀dá kò ní rí nǹkan mí sínú, omi ara kì í lè dúró níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí. Ńṣe ló máa ń hó, tí á sì fẹ́ lọ bí oru, láìjẹ́ pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn tí kò bá wọ aṣọ ààbò á ti dákú kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé.

Ìkejì ni òtútù àti ooru. Ohun tí oòrùn ń ràn sí lára níbẹ̀ lè gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ, nígbà tí èyí tó wà nínú òjìji lè tutù ju ìwọ̀n 100 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ìkẹta ni ìtànṣán. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ló ń gba púpọ̀ nínú ìtànṣán olóró oòrùn dúró fún wa. Ní òkè lọ́hùn-ún, kò sí ààbò yẹn. Ìtànṣán náà á máa já DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ DNA yìí ni ara ń wò ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó kọ́kọ́ là á já

Ẹ̀dá tó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni tardigrade, tí àwọn Òyìnbó tún ń pè ní béárì inú omi nítorí bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀ wọ́ rìn. Johann Goeze, pásítọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1773. Oríṣi tí wọ́n ti mọ̀ ju 1,300 lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì gùn tó ìdajì mílímítà kan.

Kò sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí wọn ò tíì bá a. Ó wà nínú òkun, ó wà lórí òkè oníyìnyín, ó sì fẹ́ràn àwọn ewéko kéékèèké tútù tó máa ń bo ògiri àti òrùlé àtijọ́ nígbà òjò, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí lára ògiri ẹ̀bá gọ́tà ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfurufú nílẹ̀ Yúróòpù, ESA, fi ọkọ̀ FOTON-M3 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbé tardigrade tí wọ́n ti gbẹ lọ sókè. Ikọ̀ tí Ingemar Jönsson láti Sweden ṣe olórí fún ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣí wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 270 sí ayé.

Nígbà tí wọ́n bu omi sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, àwọn tí wọ́n fi ojú wọn pamọ́ fún oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tí kò lọ síbi kankan. Wọ́n jí, wọ́n sì yé ẹyin. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ìtànṣán oòrùn bá lójúkojú. Díẹ̀ péré ló yè nínú wọn. Àìsí afẹ́fẹ́ kò pa wọ́n. Oòrùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ run wọ́n tán.

Lọ́dún 2016, àwọn olùṣèwádìí ní Fásitì Tokyo, lára wọn ni Takekazu Kunieda, sọ pé àwọn rí púrótéènì kan lára oríṣi tardigrade kan tó máa ń bo DNA bí aṣọ. Wọ́n pè é ní Dsup. Nígbà tí wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn nínú yàrá ìwádìí, jàǹbá tí ìtànṣán X-ray ṣe fún DNA sẹ́ẹ̀lì náà dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Nàìjíríà tó ti débẹ̀ ṣáájú

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìròyìn gbòde pé agbẹjọ́rò Owolabi Salis ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú, nínú ọkọ̀ iléeṣẹ́ Blue Origin. Ìrìn àjò náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí a bá ń sọ ti èèyàn, òótọ́ ni. Àmọ́ bí a bá ń sọ ti ohun ẹlẹ́mìí, irú kantíkantí kan tí orírun rẹ̀ jẹ́ àríwá Nàìjíríà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Polypedilum vanderplanki. Ó jọ ẹ̀fọn, àmọ́ kì í jẹni. Inú kòtò omi kéékèèké tó máa ń wà lórí àpáta ńláńlá ni ìdin rẹ̀ ń gbé, irú kòtò tí ẹni tó bá ti gun Àpáta Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè lẹ́yìn òjò á ti rí. Òjò á kún un lónìí, oòrùn á gbẹ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mẹ́jọ.

Ìdin tó bá wà níbẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá, kò sì ní ìyẹ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á fi ẹrẹ̀ kọ́ ilé kékeré bo ara rẹ̀, á sì gbẹ pẹ̀lú kòtò náà. Omi tó máa ń kù lára rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí òjò bá tún rọ̀, á jí láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Hinton ti Fásitì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1951, ó sì fi orúkọ Vanderplank, tó kó ìdin náà láti Nàìjíríà, sọ ọ́. Lọ́dún 1960, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé ìdin tó ti gbẹ fara da òtútù ìwọ̀n 270 sí ìsàlẹ̀ òdo àti ooru ìwọ̀n 102 fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ìdin kan tí wọ́n tọ́jú ní gbígbẹ fún ọdún 17 pàápàá jí padà.

Ní ìparí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, àwọn onímọ̀ láti Rọ́ṣíà àti Japan gbé ìdin gbígbẹ náà lọ sí ìta Ibùdó Àgbáyé tó ń yí ayé po lókè, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ISS. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wọn padà wá sí ayé tí wọ́n sì bu omi sí wọn, lára wọn jí, wọ́n sì ń rìn.

Kí ni àṣírí wọn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ẹ̀dá tó bá lè ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ ní agbára kan tó kọjá sísọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ẹ̀dá yìí mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń gbẹ láìbàjẹ́.

Àwọn Yorùbá mọ gbígbẹ dáadáa. Ilá gbígbẹ ló ń di orúnlá, iṣu gbígbẹ ló ń di èlùbọ́. Bí a bá da omi sí orúnlá, á rọ̀, á sì yọ̀, àmọ́ kò ní hù mọ́. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti fọ́ nígbà tí omi kúrò níbẹ̀. Ìgbín náà máa ń dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ oorun ni ìyẹn ń sùn, omi ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń mí. Ìdin orí àpáta kò sùn. Gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ ló dá dúró pátápátá, síbẹ̀ kò kú.

Takashi Okuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí i pé bí kòtò bá ti ń gbẹ, ara ìdin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose. Ṣúgà yìí á gba ipò omi. Á wọ àárín àwọn púrótéènì, á dì wọ́n mú, á sì le koránkorán bíi gíláàsì, kí ohunkóhun má lè yẹ̀ ní àyè rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ṣúgà náà á tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara gbígbẹ rẹ̀. Kódà nígbà tí wọ́n yọ ọpọlọ ìdin náà kúrò, ara rẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà àtigbẹ. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló mọ iṣẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ tardigrade kì í ní trehalose tó bẹ́ẹ̀. Púrótéènì mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: á dì mọ́ àwọn nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí omi bá ń lọ, á sì tú padà nígbà tí omi bá dé.

Ìdí nìyí tí gbalasa òfurufú kò fi rí wọn mú. Ohun tó ń pa ẹ̀dá níbẹ̀ ni pé omi ara á hó tàbí kó dì. Ẹni tí kò ní omi lára mọ́ kò ní ohun tó máa hó, kò sì ní ohun tó máa dì. Ìjà pẹ̀lú oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà ló kọ́ ìdin yìí ní ohun tó gbé e la òkè ọ̀run já.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn kì í kú?

Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pé kò sí ohun tó lè pa tardigrade. Àsọdùn ni. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Copenhagen gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí oríṣi kan. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tó wà nínú omi, tí wọ́n ń rìn tí wọ́n ń jẹun, sínú ooru ìwọ̀n 37 fún wákàtí 24, nǹkan bí ìdajì wọn ló kú. Ìwọ̀n 37 yẹn kì í ṣe tuntun ní àríwá Ghana tàbí ní Sókótó ní oṣù Kẹta.

Ìdin orí àpáta náà ní ààlà tirẹ̀. Ìdin nìkan ló lè gbẹ kó sì jí, kòkòrò tó ti hu ìyẹ́ kò lè ṣe é. Bí ó bá sì yára gbẹ jù, láàárín wákàtí díẹ̀ dípò nǹkan bí ọjọ́ méjì, kò ní rí àyè ṣe ṣúgà rẹ̀ tó, ó sì máa kú.

Èyí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i, tí kòtò sì ń yára gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dá tó ye òfurufú lè má ye orí àpáta tí wọ́n bí i sí. Bí wọ́n bá sì fọ́ àpáta náà fún òkúta ilé kíkọ́, ibùgbé rẹ̀ tán nìyẹn.

Láti òfurufú dé inú fíríìjì Aboabo

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn ni pé: bí ìdin bá lè gbẹ láìbàjẹ́, kí ló dé tí oògùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní Japan, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti ara kòkòrò orí àpáta náà, wọ́n sì ń tọ́ ọ nínú yàrá ìwádìí. Pv11 ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2017, àwọn olùṣèwádìí sọ pé àwọn fi púrótéènì kan tó tètè máa ń bàjẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ láìsí fíríìjì fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Nígbà tí wọ́n bu omi sí i, púrótéènì náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 2023, ikọ̀ Thomas Boothby ní Fásitì Wyoming ní Amẹ́ríkà lo trehalose àti púrótéènì ara tardigrade láti tọ́jú Factor VIII. Èyí ni ohun tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá bí ara bá bó. Wọ́n rí i pé ó dúró déédéé ní gbígbẹ láìsí òtútù.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àlá lásán ni oògùn gbígbẹ, kó rántí ṣànpọ̀nná. Ní àwọn ọdún 1950, Leslie Collier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà láti gbẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà débi pé ó lè dúró nínú ooru ìwọ̀n 37 fún oṣù kan láìbàjẹ́. Oògùn gbígbẹ yìí ni wọ́n gbé wọ ìletò àti abúlé tí kò ní iná nígbà tí ètò àjẹsára ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà lọ́dún 1967. Nígbà tó fi máa di 1970, ṣànpọ̀nná ti tán ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1980, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti tán láyé. Ó ṣòro láti rí bí ìyẹn ì bá ṣe ṣeé ṣe bó bá jẹ́ pé fíríìjì ni wọ́n ń gbé kiri.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, bíi ti èèyi àti ti ibà pọ́njú, máa ń wà ní gbígbẹ lónìí, àmọ́ wọ́n ṣì nílò òtútù. Nígbà tí Ghana di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba abẹ́rẹ́ COVID-19 láti ọwọ́ ètò COVAX, lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2021, 600,000 ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ló balẹ̀ sí Accra. Láti pápákọ̀ òfurufú dé apá ẹni tí wọ́n gún, gbogbo ọ̀nà ló nílò òtútù. Ibikíbi tí òtútù bá já sí lójú ọ̀nà, owó àti ẹ̀mí ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ṣì ni ti Factor VIII àti Pv11. Kò tíì di ohun tí ilé oògùn ń tà. Ẹni tó ń lo insulin gbọ́dọ̀ ṣì máa tọ́jú rẹ̀ bí dókítà ṣe sọ fún un.

Ta ló ni ìmọ̀ yìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Ilẹ̀ Ashanti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àpáta Nàìjíríà ló ni ìdin, àmọ́ Bristol ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, Japan ló ń sìn ín, Rọ́ṣíà ló gbé e lọ sókè. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Àwọn tó rí i pé ó níye lórí ló náwó sí i.

Lọ́dún 2010, ní ìlú Nagoya, ní Japan kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn pé bí ẹnikẹ́ni bá lo ẹ̀dá orílẹ̀-èdè kan fún ìwádìí tàbí òwò, èrè gbọ́dọ̀ kan orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdin Nàìjíríà ti wà ní òkè òkun kí àdéhùn náà tó dé.

Ti Malawi yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Japan rí kòkòrò mìíràn tó ń gbẹ tó sì ń jí ní orílẹ̀-èdè yẹn, onímọ̀ Malawi, Dylo Pemba, wà lára àwọn tó kọ ìwádìí náà lọ́dún 2017, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe kòkòrò náà: Polypedilum pembai. Orúkọ kì í ṣe owó, àmọ́ ó fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Kò sì sí ìdí tí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kò fi lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà, sátẹ́láìtì kékeré méjì, GhanaSat-1 ti All Nations University ní Koforidua àti Nigeria EduSat-1 ti Fásitì FUTA ní Àkúrẹ́, jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí ISS, abẹ́ ètò Kyushu ní Japan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ló kọ́ wọn.

Bí a bá lè gbé irin lọ sókè, yíyẹ ìdin wò nílẹ̀ kò yẹ kó nira. Kò gba ọkọ̀ òfurufú. Ohun tó gbà ni yàrá ìwádìí, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun kékeré, àti iná tí kì í lọ. Kumasi ní fásitì KNUST àti ibùdó ìwádìí KCCR lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru. Ghana ti dá iléeṣẹ́ National Vaccine Institute sílẹ̀ kó lè máa ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé. Nàìjíríà náà ní yàrá tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Yaba, nílùú Èkó, kí wọ́n tó tì í pa lọ́dún 1991, ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn sì ń ṣèlérí pé iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètò iléeṣẹ́ wọ̀nyí rọrùn. Ṣé abẹ́rẹ́ tó nílò fíríìjì ni wọ́n fẹ́ máa ṣe fún àdúgbò tí iná ń lọ tó ń bọ̀, àbí wọ́n á fi owó díẹ̀ sí ọ̀nà gbígbẹ tí ìdin ilẹ̀ wa ti mọ̀ tipẹ́? Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ìdin tí kò gùn ju ìrẹsì kan lọ náà kì í ṣe ohun tí ìjọba yẹ kó fojú fo.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, bí iná bá tún lọ ní Aboabo lálẹ́ òní, àpò yìnyín àti jẹnẹrétọ̀ ni nọ́ọ̀sì á ṣì máa wá kiri.